Ètò máàkì tí Kánádà àti Ìlú Ọba fi ń yan òṣìṣẹ́: Ẹ ka máàkì yín kẹ́ ẹ tó náwó

Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, láti Ìgàndò dé Ìyànà-Ìpájà, pátákó ìpolówó "Kánádà" àti "UK" kò wọ́n lára ògiri àti òpó iná. Ìlérí orí wọn jọra: físà yá, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹ sáà mú owó wá. Àwọn kan ti tìtorí irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ta ilẹ̀, àwọn kan kó owó àjọ, àwọn mìíràn yá owó èlé. Ohun tí pátákó yẹn kì í sọ ni pé Kánádà àti Ìlú Ọba ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹni tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Orí ìkànnì ìjọba wọn ni òṣùwọ̀n náà wà. Ẹni tó bá ní fóònù àti dátà lè kà á láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bíi máàkì ìdánwò ni òṣùwọ̀n yìí rí. Ọjọ́ orí ní máàkì tiẹ̀, ìwé tí èèyàn kà ní tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni èdè tó gbọ́, iye ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́ àti irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá pé, ọ̀nà lè là fún un. Ẹni tí tiẹ̀ kò bá pé, kò sí ajẹ́ǹtì tó lè bá a fi kún un. Àlàyé tó tẹ̀lé e yìí dá lórí bí òfin ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026.

Ibi tí ètò máàkì ti bẹ̀rẹ̀

Kánádà ló kọ́kọ́ gbé ètò máàkì jáde, lọ́dún 1967. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìlú tí èèyàn ti wá àti àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń wò. Ará Yúróòpù ni wọ́n ń fẹ́. Aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà kì í sábà ráyè wọlé. Lọ́dún 1962 ni wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn kúrò nínú òfin, àmọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ni ìpinnu ṣì wà. Nígbà tí ètò máàkì dé ní 1967, ìwé, iṣẹ́, ọjọ́ orí àti èdè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ọsirélíà gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní 1979. Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní 2002 fún àwọn tó mọṣẹ́ gan-an, ó sọ ọ́ di ètò ńlá ní 2008, ó sì tún un tò lẹ́yìn tó kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù.

Máàkì ni kò jẹ́ kí wọ́n máa fi àwọ̀ ara nìkan lé ọmọ Áfíríkà sẹ́yìn mọ́. Kì í wo orúkọ, kì í wo ọmọ ẹni tí èèyàn jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣàánú pẹ̀lú.

Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ kò lo máàkì. Lọ́tìrì físà tí ọ̀pọ̀ ará Èkó máa ń lọ kún fọ́ọ̀mù ẹ̀ ní kàfé nígbà kan, oríire ni. Láti ètò DV-2015 ni wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú ẹ̀, torí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ti wọ Amẹ́ríkà ti pọ̀ ju iye tí òfin lọ́tìrì gbà láàyè. Ẹni tí wọ́n bí sí Nàìjíríà kò lè ṣe é mọ́, àyàfi tó bá lè gba ibi ìbí ọkọ, ìyàwó tàbí òbí rẹ̀ wọlé. Ẹni tó bá ṣì ń gba owó "lọ́tìrì Amẹ́ríkà" lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá wá, ẹ ti mọ ohun tó ń tà.

Kánádà: ẹnu ọ̀nà méjì ló wà

Express Entry ni Kánádà ń pe ètò tó fi ń yan òṣìṣẹ́ láti oṣù Kìíní ọdún 2015. Ọ̀nà tó bá ará Nàìjíríà tí kò tíì ṣiṣẹ́ ní Kánádà rí mu jù nínú ẹ̀ ni Federal Skilled Worker. Ẹnu ọ̀nà méjì ni èèyàn máa gbà kọjá, ibẹ̀ ló sì ń da ọ̀pọ̀ lójú rú.

Ẹni tó bá ti ṣe JAMB rí á tètè lóye ẹ̀. Èèyàn lè gba 200 ní JAMB kí inú ilé dùn. Àmọ́ bí kọ́tọ́ọ̀fù máàkì ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà bá jẹ́ 260, 200 ẹ̀ kò mú un wọlé. Bí Kánádà ṣe rí nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́: èèyàn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 67 nínú 100. Bí wọ́n ṣe pín 100 náà rèé:

- Èdè: 28
- Ìwé tí èèyàn kà: 25
- Ìrírí iṣẹ́: 15
- Ọjọ́ orí: 12
- Iṣẹ́ tí wọ́n ti fún èèyàn ní Kánádà: 10
- Ohun tó lè mú kí ilẹ̀ náà tètè mọ́ èèyàn lára, bíi kó ní mọ̀lẹ́bí níbẹ̀: 10

Yàtọ̀ sí máàkì, ó gbọ́dọ̀ ti fi ó kéré tán ọdún kan gbáko ṣe iṣẹ́ tó ń béèrè ìmọ̀ láàárín ọdún 10 sẹ́yìn. IELTS General rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ ju 6.0 lọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: gbígbọ́, kíkà, kíkọ àti sísọ. Ó sì gbọ́dọ̀ fi owó tó máa fi gbéra hàn. Fún ẹnì kan ṣoṣo, owó náà lé ní 15,000 dọ́là Kánádà, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un ṣe. Òfin sọ pé owó yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí èèyàn yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá lọ kó owó èlé sí báńkì kí ìwé báńkì rẹ̀ lè dára, òfin ló ń rú láìmọ̀.

Ẹnu ọ̀nà kejì: ẹni tó bá ti kọjá ti àkọ́kọ́ á wọ inú agbo àwọn tó ń dúró. Níbẹ̀, wọ́n á tún un kà lórí òṣùwọ̀n mìíràn tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,200, tí wọ́n ń pè ní CRS. Lóòrèkóòrè, ìjọba Kánádà á fa àwọn tí máàkì wọn ga jù jáde, á sì pè wọ́n kí wọ́n wá gba ìwé ìgbélùú. Kọ́tọ́ọ̀fù ẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ọdún kan ni èèyàn lè fi wà nínú agbo yẹn kó tó tún forúkọ sílẹ̀. Fífi orúkọ sílẹ̀ síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ká fi akáńtáǹtì Ẹgbẹ́dá kan ṣe àpẹẹrẹ

Ká sọ pé akáńtáǹtì kan wà ní Ẹgbẹ́dá. Ọmọ ọdún 29 ni, kò tíì ṣègbéyàwó, ó ní dìgírì kan, ó ti fi ọdún mẹ́ta ṣiṣẹ́ akáńtáǹtì, kò ní mọ̀lẹ́bí ní Kánádà, kò sì gbọ́ Faransé.

Ó ṣe IELTS, ó gba 6.0 nínú gbogbo ìpín. Lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, èdè fún un ní 16, ìwé 21, iṣẹ́ 11, ọjọ́ orí 12. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 60. Kò pé 67. Dìgírì rẹ̀ kò lábùkù, iṣẹ́ rẹ̀ kò lábùkù, síbẹ̀ kò kọjá ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́.

Ó padà lọ múra, ó tún ìdánwò ṣe, ó gba 8.0 nínú gbígbọ́ àti 7.0 nínú mẹ́ta yòókù. Èdè wá di 24. Àpapọ̀ di 68. Ó wọlé sínú agbo. Nínú agbo náà, ọjọ́ orí fún un ní 110, ìwé 120, èdè 124. Wọ́n tún fi 25 kún un torí dìgírì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tó múná, àti 50 torí ìrírí iṣẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 429.

Ṣé 429 tó? Ní 2024 àti 2025, ìfà tí wọ́n ṣe fún gbogbogbòò àti èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Kánádà máa ń lé ní 500. Nítorí náà, 429 kò lè gbé e dé Toronto. Àmọ́ ó ti mọ ibi tó dúró àti iye tó kù.

Ọjọ́ orí: máàkì tó ń jò

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọjọ́ bá ṣe ń gorí ọjọ́ ni iyì àgbà ń pọ̀ sí i. Nínú tábìlì Kánádà, òdìkejì ni. Láti ọdún 20 sí 29, ẹni tó dá wà á gba 110. Ní 30 ó di 105, ní 35 ó di 77, ní 40 ó di 50. Láti 45 lọ sókè, òdo ni.

Bí akáńtáǹtì wa bá jẹ́ ẹni ọdún 39, pẹ̀lú dìgírì kan náà àti Gẹ̀ẹ́sì kan náà, 374 ló máa ní dípò 429. Ìrírí ọdún mẹ́wàá tó fi lé e kò ràn án lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà kejì, torí ìrírí iṣẹ́ tí kì í ṣe ti Kánádà kì í lé sí i mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ìdí nìyí tí "máa dúró, ó ń bọ̀" tí àwọn ajẹ́ǹtì kan máa ń sọ fi léwu. Ẹni ọdún 33 tó fi ọdún méjì dúró de ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ á ti pàdánù máàkì 11, láti 88 sí 77, kódà bí wọ́n bá dá owó náà padà fún un.

Ohun kan náà ló yẹ kéèyàn fi wo lílọ kàwé sí i. Bí akáńtáǹtì ẹni ọdún 29 yẹn bá gba másítà, máàkì rẹ̀ á fi 40 lé sí i. Bó bá fi ọdún méjì kà á, ó ti di ẹni 31, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti já sí 99. Èrè tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 29. Èrè ṣì ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ̀ ọ́n ṣáájú kó tó sanwó ilé ìwé.

Faransé tó wà lẹ́bàá ilé

Èdè tí Kánádà ń fi máàkì wá báyìí, Faransé ni. Láti 2023 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìfà àkànṣe fún àwọn ẹgbẹ́ kan: àwọn tó gbọ́ Faransé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi wẹ́dà, púlọ́ńbà àti oníná, àti láti 2025, àwọn olùkọ́. Ìfà ti Faransé ti wá sísàlẹ̀ 400 láwọn ìgbà kan ní 2024 àti 2025, nígbà tí ti gbogbogbòò lé ní 500.

Bí akáńtáǹtì Ẹgbẹ́dá yẹn bá kọ́ Faransé títí ó fi dé ìpele keje nínú ìpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 12 á wọlé fún un gẹ́gẹ́ bí èdè kejì, 50 mìíràn á tẹ̀lé e. 429 á di 491, á sì tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìfà àwọn tó gbọ́ Faransé. Kò sí ohun mìíràn tí ẹni tó wà nílé lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó lérè tó yẹn.

Faransé kò sì jìnnà. Ẹni tó bá gba títì LASU–Ìṣẹrì láti Ìgàndò á já sí Ìyànà-Ìbá, títì Badagry tó bá já sí á gbé e dé Sẹ̀mẹ̀, tí í ṣe ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin. Ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Sábẹ, Yorùbá ń bẹ tí wọ́n ń sọ Yorùbá nílé, tí wọ́n sì fi Faransé kàwé. Ẹni tí kò fẹ́ sọdá ẹnubodè lè lọ sí Alliance Française ní Ìkòyí. Ìdánwò tí Kánádà gbà ni TEF Canada àti TCF Canada. Kì í ṣe iṣẹ́ oṣù méjì o. Èdè tí èèyàn kò gbọ́ rí máa ń gbà tó ọdún kan sí méjì kó tó dé ìpele yẹn.

Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ẹnu

Máàkì ìwé kì í wá láti ara dìgírì tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Àjọ tí Kánádà fọwọ́ sí, bíi WES, ló máa yẹ̀ ẹ́ wò kó sì sọ ohun tó bá a dọ́gba lọ́hùn-ún. Transcript gbọ́dọ̀ ti ilé ìwé lọ bá wọn tààrà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń há, torí transcript lè pẹ́ kó tó jáde ní àwọn ilé ìwé wa kan. Ìgbà tí èèyàn ń kàwé fún IELTS ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè transcript. Ìwé WES wúlò fún ọdún 5, èsì IELTS fún ọdún 2. Nítorí náà, transcript ló yẹ kó ṣáájú.

Ibi tó nira jù ni ti ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Wẹ́dà tó wà ní Ìkòtún lè mọ irin jó ju ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí lọ. Ṣùgbọ́n tábìlì yìí kò mọ fíríìdọ̀mù tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fún un. Kánádà ní ọ̀nà tó yà sọ́tọ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè ti rọrùn díẹ̀. Síbẹ̀, ó ń béèrè ọdún méjì tí ìwé lè jẹ́rìí sí, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ti fún un ní Kánádà tàbí ìwé àṣẹ ìṣẹ́ náà láti ibẹ̀. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀, tó bá ní in lọ́kàn láti lọ lọ́jọ́ iwájú, òní ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rìsíìtì, àdéhùn iṣẹ́, ìwé owó orí àti ìwé báńkì. Ìrírí tí kò bá ní ìwé, òdo ni wọ́n máa kọ sí i.

Ohun tó yí padà ní 2025

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ilé iṣẹ́ Kánádà bá ti fún níṣẹ́ lè gba 50 tàbí 200 kún máàkì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kejì. Àwọn kan sọ ọ́ di ọjà, wọ́n ń ta ìwé iṣẹ́ ayédèrú. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 2025, ìjọba Kánádà fagi lé máàkì yẹn. Ìwé iṣẹ́ ṣì ń fún èèyàn ní 10 lẹ́nu ọ̀nà àkọ́kọ́, àmọ́ ẹni tó bá ṣì ń ta "ìwé iṣẹ́ oní 200 máàkì" ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, ọjà tí kò sí mọ́ ló ń tà.

Ohun tó ṣì tóbi jù lẹ́nu ọ̀nà kejì ni kí ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà dárúkọ èèyàn. Ìyẹn ní 600 máàkì. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀, wọ́n sì máa ń wá àwọn tí iṣẹ́ wọn wọ́n lọ́dọ̀ wọn.

Àyè náà ti ń dín kù. Kánádà ti ní in lọ́kàn láti gba 500,000 èèyàn fún ìwé ìgbélùú ní 2025. Ó dín in kù sí 395,000, ó sì fi ti 2026 sí 380,000. Bí àyè bá ń dín, kọ́tọ́ọ̀fù kì í sábà wálẹ̀.

Ìlú Ọba: máàkì tó wà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́

Ti Ìlú Ọba yàtọ̀. 70 ni èèyàn gbọ́dọ̀ ní. Iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì ìjọba láti mú àlejò wọlé jẹ́ 20. Kí iṣẹ́ náà dé ìpele ìmọ̀ tí wọ́n fẹ́ jẹ́ 20. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 10. Owó oṣù ló sì ń gbé 20 tó kù wá.

Ìyàtọ̀ pàtàkì ni pé ní Kánádà, èèyàn lè dá forúkọ sílẹ̀ láìní ọ̀gá níbẹ̀. Ní Ìlú Ọba, bí kò bá sí agbanisíṣẹ́, kò sí máàkì.

Òṣùwọ̀n owó oṣù náà ti ga. Nígbà tí ètò tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2020, 25,600 pọ́ùn lọ́dún ni. Ní oṣù Kẹrin 2024 ó di 38,700. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025 ó di 41,700, wọ́n sì gbé ìpele ìmọ̀ iṣẹ́ náà sí ti ẹni tó ní dìgírì fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ti nọ́ọ̀sì àti dókítà tó wà lábẹ́ owó oṣù ìjọba kò ga tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2026, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń béèrè náà ti ga sí ìpele B2. Nàìjíríà kò sí lára àwọn ìlú tí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, nítorí náà, ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà á ṣe ìdánwò, tàbí kó gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ Ecctis pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ gba dìgírì.

Ti iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ló ti dun ọ̀pọ̀ ìdílé jù. Ní oṣù Kejì 2022, Ìlú Ọba ṣí ọ̀nà yẹn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò lè mú ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ìlẹ̀kùn náà pa fún ẹni tó bá fẹ́ ti òkè òkun wá. Ẹni tó bá ń gba owó "CoS ìtọ́jú arúgbó" lọ́wọ́ ẹni tó wà ní Ìdímù tàbí Akọ́wọ̀njọ lónìí, ìlẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ló ń ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kódà ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó fi owó ńlá ra CoS dé ọ̀hún tí wọn kò rí iṣẹ́ kankan bá. Bí ìjọba bá gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, ọjọ́ 60 ni wọ́n sábà máa ń fún òṣìṣẹ́ kó fi wá agbanisíṣẹ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó padà sílé. Orúkọ gbogbo ilé iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì wà lórí ìkànnì gov.uk, ẹnikẹ́ni ló sì lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ta ni máàkì ń kó lọ nílé?

Ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ lérò jù ní ìpínlẹ̀ Èkó; ètò ìkànìyàn ọdún 2006 ka èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbójú lé ọsibítù ìjọba tó wà ní Ìgàndò. Bí èèyàn bá wo tábìlì máàkì dáadáa, á rí i pé ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù ni ẹni tí ilé nílò jù: nọ́ọ̀sì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dénú, onímọ̀ ẹ̀rọ tó ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi Nàìjíríà sínú orúkọ ìlú 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera kò tó lọ́dún 2023. Ìlú Ọba gbà pé òun kò ní lọ máa wá òṣìṣẹ́ ìlera kiri ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá fúnra ẹ̀ wá iṣẹ́ kò rú òfin kankan. Nàìjíríà náà fọwọ́ sí ìlànà lórí ìrìn àjò òṣìṣẹ́ ìlera ní oṣù Kẹjọ 2024. Kò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ohun tó ń wá ni bí ilé á ṣe dùn gbé fún wọn, tí ẹni tó bá lọ á sì lè padà wá. Títí ìyẹn á fi fìdí múlẹ̀, máàkì á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí èèyàn ṣe lè mọ ajẹ́ǹtì gidi

Òfin kò sọ ọ́ di dandan kéèyàn lo ajẹ́ǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún Kánádà gbọ́dọ̀ wo orúkọ ẹni náà nínú ìwé àjọ College of Immigration and Citizenship Consultants, tàbí kó rí i pé lọ́yà tó wà lábẹ́ òfin Kánádà ni. Ti Ìlú Ọba, àjọ Immigration Advice Authority ló ń fún wọn láṣẹ. Gbogbo orúkọ yẹn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀, ẹ má kánjú fún un lówó.

Ẹni tó bá ní òun á "tún" ìwé ẹ̀rí tàbí ìwé iṣẹ́ ṣe kí máàkì lè pé, ọ̀fìn ló ń gbẹ́. Kánádà lè fòfin de ẹni tó purọ́ fún ọdún 5, Ìlú Ọba fún ọdún 10. Ajẹ́ǹtì náà á ti rìn jáde; orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa kọ sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti lù ní jìbìtì lè lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC. Bó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ fi èèyàn ṣòwò ẹrú ni, NAPTIP ni.

Ètò tó yẹ kéèyàn tẹ̀ lé

1. Kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì ìjọba Kánádà, kí o fi ọjọ́ orí, ìwé àti iṣẹ́ rẹ ka máàkì náà. Ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn ṣírò ẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.
2. Bí kò bá pé 67, wo ibi tó ti jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì ni.
3. Béèrè transcript kí o tó sanwó IELTS.
4. Má ṣe IELTS láìmúra. Bó ṣe kúrò ní 6.0, tó gba 8.0 nínú gbígbọ́ àti 7.0 nínú mẹ́ta yòókù, ló sọ 60 di 68 nínú àpẹẹrẹ òkè yìí.
5. Bí o bá ti wọ agbo tí máàkì kò sì tó, Faransé tàbí ìpínlẹ̀ ni kí o kọjú sí.
6. Bí wọ́n bá pè ọ́, ọjọ́ 60 lo ní láti kó gbogbo ìwé jọ. Ìwé ọlọ́pàá, àyẹ̀wò dókítà àti owó gbọ́dọ̀ ti wà nítòsí.
7. Ìgbà tí wọ́n bá pè ọ́ tán ni ọ̀rọ̀ títa dúkìá tó wáyé.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ máa ń fi ṣáájú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá ka máàkì rẹ̀ lónìí tó rí 374 lè banú jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, àmọ́ ilẹ̀ rẹ̀ ní Ìgàndò á ṣì wà lórúkọ rẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́.